Gọ́ọ̀mù dípò ìṣó: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lẹ pákó mọ́ ògiri ilé yín

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ ilé tuntun ní Abuja, Port Harcourt tàbí Accra lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ògiri tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni ojú yín máa kọ́kọ́ bà lé. Kì í ṣe ọ̀dà nìkan ló wà lára rẹ̀ mọ́. Pákó ni wọ́n fi bò ó láti ilẹ̀ dé àjà. Òmíràn tẹ́jú, òmíràn ní ìlà gbọọrọgbọọrọ, iná kékeré sì ń tàn lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá wá ìṣó lára pákó náà, ẹ kò ní rí ẹyọ kan. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.

Káfíńtà á kó ike gọ́ọ̀mù tó gùn bí ọ̀pá sínú ohun èlò kan tó jọ ìbọn, á fún un sẹ́yìn pákó, á gbé pákó náà mọ́ ògiri, á tẹ̀ ẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ògiri ti yí padà. Onílé á san owó, á ya fọ́tò, á fi sórí Facebook.

Àmọ́ nígbà mìíràn, bí oṣù mélòó kan bá kọjá tí ọyẹ́ sì dé, etí pákó á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ á já wálẹ̀ gbì! Pákó MDF kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, tó sì nípọn ní mìlímítà 12, wúwo tó nǹkan bí kílò 27. Kò yẹ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ já lu ọmọ tó ń ṣeré nílẹ̀.

Kí ló wá ń fà á tí òmíràn fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri fún ọdún púpọ̀, tí òmíràn kò sì rí ọdún kan lò?

Kí ni gọ́ọ̀mù yìí gan-an?

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti mọ ohun tí ń lẹ nǹkan. Oje igi ni àwọn ọdẹ ẹyẹ fi ń ṣe àtè. Bí ẹsẹ̀ ẹyẹ bá kan àtè báyìí, ó ti mú un nìyẹn. Irú agbára yẹn ni gọ́ọ̀mù ògiri yìí ní. Ó ki bí ẹ̀kọ tútù, kì í ṣàn, ó sì máa ń di nǹkan mú lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n fẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi iṣẹ́ yìí mọ̀. Pé gọ́ọ̀mù ti di pákó mú kò túmọ̀ sí pé ó ti gan. Dídi nǹkan mú lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó tó gan pátápátá, ó lè gbà á ní wákàtí 24 sí 48, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí gọ́ọ̀mù bá nípọn tàbí tí ojú ọjọ́ kò bá dára. Ẹni tó bá gbé ẹrù kọ́ ara pákó ní ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ ń dán gọ́ọ̀mù wò kó tó lágbára ni.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù lọ:

• Èyí tí wọ́n fi omi pò: Kì í rùn púpọ̀, owó rẹ̀ kì í sì í ga. Omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kó tó lè gbẹ, nítorí náà ó pọn dandan kí ògiri tàbí pákó, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn, lè fa omi mu. Bí ẹ bá fi lẹ páńẹ́lì oníke mọ́ ara táìlì, omi kò ní ríbi gbà jáde. Ó lè wà ní tútù níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kò sì dára fún ibi tí omi ń dé.

• Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà bíi pẹtiróòlù pò: Ó máa ń tètè di nǹkan mú, àmọ́ òórùn rẹ̀ le, iná sì lè tètè ràn mọ́ ọn. Ó lè jẹ fóòmù àti àwọn ike kan.

• Èyí tí wọ́n ń pè ní hybrid: Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kó gan. Òórùn rẹ̀ kò le, ó máa ń lẹ̀ mọ́ oríṣiríṣi nǹkan, kì í sì í le gbagidi bí òkúta lẹ́yìn tó bá gan. Ó máa ń rọ̀ díẹ̀ bíi rọ́bà, èyí sì ṣe pàtàkì fún pákó. Òun náà ló wọ́n jù.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà fi ń so igi pọ̀ mọ́ igi kọ́ nìyí. Kì í ṣe gọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ṣúmékà ń fi sí ojú méjèèjì kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bákan náà, silicone tí wọ́n fi ń dí etí fèrèsé àti ibi ìwẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ silicone ni láti dí ibi tí omi lè gbà wọlé, kì í ṣe láti gbé ẹrù.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀?

Ìdí àkọ́kọ́ ni ògiri wa fúnra rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà àti Ghana, púpọ̀ nínú búlọ́ọ̀kù náà sì ní ihò nínú. Bí wọ́n bá kan ìṣó mọ́ ọn, ó lè má wọlé, ó sì lè jẹ́ pé yanrìn ni yóò máa dà sílẹ̀. Wáyà iná àti páìpù omi tún wà nínú ògiri, ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà lè lu ihò sórí wọn.

Ìdí kejì ni ẹwà. Kò sí orí ìṣó tí wọ́n máa fi ọ̀dà bò. Bí ògiri bá sì jìn díẹ̀ níbì kan, gọ́ọ̀mù lè dí àlàfo náà.

Ìdí kẹta ni pé iṣẹ́ náà máa ń yá. Kò sí ariwo, kò sí eruku púpọ̀, àwọn ará ilé kejì kò sì ní ráhùn.

Igi fún ògiri kì í ṣe àjèjì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìlú Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta ni igi kan tí wọ́n mọ̀ káàkiri ayé fi ń jẹ́ sapele, àwọn ará òkè òkun sì máa ń fi igi pupa yìí ṣe ilẹ̀kùn, àga àti ìbora ògiri. Àmọ́ kì í ṣe ojúlówó igi ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri báyìí. MDF tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni, tàbí plywood, tàbí èyí tí wọ́n fi ike àti igi lú pọ̀.

Ògiri lẹ kọ́kọ́ ní láti wò, kì í ṣe gọ́ọ̀mù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí gọ́ọ̀mù bá lágbára tó bí irin, ohun tó wà lójú ògiri ló lẹ̀ mọ́. Bí ojú ògiri bá ṣí, pákó àti gọ́ọ̀mù jọ ń bọ̀ nílẹ̀ ni.

Bí ẹ bá yẹ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ pákó tó já wò, ẹ máa rí ẹ̀rí èyí. Gọ́ọ̀mù ṣì wà lára pákó digbí, ọ̀dà tàbí ohun funfun tí wọ́n fi ra ògiri sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Gọ́ọ̀mù ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ògiri ni kò ṣe tirẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ohun tó sábà máa ń fa èyí ni screeding, ìyẹn ohun funfun tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀dà ń fi ra ògiri kó lè dán. Ó rẹwà lójú, àmọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, òmíràn kò sì lágbára ju ẹfun lọ. Bí ẹ bá fi èékánná họ ọ́, á máa yọ bí ìyẹ̀fun. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kò lè gbé pákó tó wúwo. Ṣe ni kí wọ́n ha á kúrò ní àwọn ibi tí gọ́ọ̀mù máa gbà, títí tí wọ́n á fi kan sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ilé.

Àyẹ̀wò mẹ́ta wà tí ẹ lè ṣe fúnra yín láìná owó púpọ̀:

• Ẹ fi ọwọ́ nu ògiri. Bí ohun funfun bá kun yín lọ́wọ́, ojú ògiri náà kò tíì ṣeé lẹ nǹkan mọ́.

• Ẹ lẹ téèpù tó le dáadáa mọ́ ọ̀dà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì fà á ya lójijì. Bí ọ̀dà bá bá a jáde, pákó náà á bá ọ̀dà jáde lọ́jọ́ kan.

• Ẹ gé ọ̀rá tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yíká etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí omi bá sẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rá náà, ògiri yín ṣì ń mí omi jáde.

Àyẹ̀wò kẹta yìí ṣe pàtàkì fún ilé tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, àti fún ilé tó wà létí omi. Bí omi bá ń gun ògiri láti ìpìlẹ̀, pákó kò wò ó sàn. Ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Lábẹ́ rẹ̀, èébu á máa hù, MDF á máa wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ikán sì lè rí ilé tuntun kọ́ sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ dí ẹnu ògiri kí ẹ tó bò ó.

Ọyẹ́ àti òjò: ìdí tí ohun tó pẹ́ ní Kano fi lè má pẹ́ ní Port Harcourt

Igi kì í kú tán. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti là á sí pákó, ó ṣì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, ó sì ń tu ú jáde. Bí ó bá mu omi, á fẹ̀. Bí omi bá jáde, á sún kì. Fífẹ̀ yìí pọ̀ ní ìbú pákó ju ní gígùn rẹ̀ lọ.

Òjò tó ń rọ̀ ní Port Harcourt lọ́dún kan ju mìlímítà 2,000 lọ. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń kún fún ọ̀rinrin. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wà ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà pípẹ́, omi inú igi lè tó nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá mú ọ̀rinrin náà wá sí ìdá 30, bó ṣe máa ń rí ní Kano àti àwọn ìlú Àríwá, omi inú igi á bọ́ sí nǹkan bí ìdá 6.

Ìyẹn ni pé pákó tí wọ́n gbé láti ìlú etí òkun lọ lẹ̀ mọ́ ògiri ní Kano lóṣù Kejìlá ṣì ní ìrìn láti rìn. Á sún kì lórí ògiri. Bí gọ́ọ̀mù bá le gbagidi, tí kò lè bá a sún, ọ̀kan nínú mẹ́ta ló máa ṣẹlẹ̀: kí pákó ya, kí gọ́ọ̀mù já, tàbí kí ojú ògiri ṣí.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ kó pákó sínú yàrá tí wọ́n ti máa lò ó fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí afẹ́fẹ́ yàrá náà lè mọ́ ọn lára kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà fi pákó há igun ògiri pinpin. Kó fi àlàfo mìlímítà díẹ̀ sílẹ̀ létí, kó sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Ojúlówó igi ló nílò èyí jù, ṣùgbọ́n MDF àti plywood náà kò bọ́ nínú rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó lọ

Bí ẹ bá ti rí i pé ògiri gbẹ, tí ojú rẹ̀ sì le, èyí ni ìgbésẹ̀ tó kàn:

1. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó sọ ibi tí wáyà gbà, kó sì fa sọ́kẹ́ẹ̀tì jáde síwájú kó bá ojú pákó dọ́gba. Ẹ má bo ojú iná mọ́lẹ̀ sẹ́yìn pákó.

2. Bí ọ̀dà ojú ògiri bá ń dán, ẹ fi sáńpépà ha á. Ẹ gbá eruku rẹ̀ kúrò, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ nu eruku ẹ̀yìn pákó náà.

3. Ẹ fi ohun èlò tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ìdọ́gba fa ìlà sára ògiri. Bí pákó àkọ́kọ́ bá wọ́, gbogbo ìyókù á wọ́ tẹ̀ lé e.

4. Ẹ fún gọ́ọ̀mù sẹ́yìn pákó ní ìlà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí àlàfo tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì má ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40 lọ. Ẹ má fi ṣe òbìrípo, nítorí afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, kò sì ní tètè gan.

5. Ẹ gbé pákó mọ́ ògiri, ẹ sún un díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Kí gọ́ọ̀mù má tíì fẹ́ bo ojú kí ẹ tó gbé e.

6. Ẹ jẹ́ kí ìdí pákó dúró lórí ilẹ̀ tàbí lórí igi tí wọ́n fi gbé e. Ẹ fi téèpù tàbí igi tì í títí di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ owó wà nínú ìgbésẹ̀ kẹrin. Ike gọ́ọ̀mù kan sábà máa ń tó mìlílítà 300. Bí ìlà gọ́ọ̀mù bá nípọn ní mìlímítà 6, ike kan á fa ìlà tó tó nǹkan bí mítà 10. Pákó tó ga ní mítà 2.4, tí wọ́n fa ìlà mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀, ti gba mítà 7.2. Ìyẹn ni pé ike kan kò ju pákó kan àti díẹ̀ lọ. Bí káfíńtà bá fi ike kan ṣoṣo lẹ pákó márùn-ún, ẹ mọ̀ pé ó kàn tọ́ ọ sí i ní ẹyọ ẹyọ ni.

Ẹ tún wo ara ike náà kí ẹ tó rà á. Ṣé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà lára rẹ̀? Ṣé inú oòrùn ni wọ́n tò ó sí láti òwúrọ̀? Gọ́ọ̀mù tó ti gan díẹ̀ nínú ike kì í di nǹkan mú mọ́, bí ẹ ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó. Ní Nàìjíríà, àjọ SON ló ń rí sí ìwọ̀n dídára àwọn ọjà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí gọ́ọ̀mù nìkan kò tó

Àwọn ibi kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbára lé gọ́ọ̀mù nìkan. Àkọ́kọ́ ni àjà ilé, nítorí gbogbo ìwúwo pákó ló ń fà á wálẹ̀ tọ̀sán-tòru. Èkejì ni pákó tó nípọn púpọ̀. MDF onímìlímítà 18 tó tóbi bí èyí tí a mẹ́nu bà lókè wúwo tó nǹkan bí kílò 40. Ó yẹ kí skúrù mélòó kan ti gọ́ọ̀mù lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni tẹlifíṣọ̀n. Kò yẹ kí irin tó gbé tẹlifíṣọ̀n wà lára pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Kí wọ́n lu ihò gba inú pákó kọjá, kí skúrù náà wọ inú búlọ́ọ̀kù.

Òórùn, iná àti ẹ̀mí èèyàn

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló ń ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí eruku má bàa wọlé. Bí gọ́ọ̀mù oníkẹ́míkà bá wà lọ́wọ́ wọn, ewu ńlá ni. Èéfín rẹ̀ lè mú kí orí fọ́ èèyàn, kí òòyì kọ́ ọ, ó sì lè gbiná. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀, kí wọ́n má tan sítóòfù. Bí iná mànàmáná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ tàn, kì í ṣe àbẹ́là. Kí aboyún àti ọmọdé sùn sí yàrá mìíràn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹni tó ń gé MDF náà gbọ́dọ̀ fi nǹkan bo imú, kó sì gé e níta bó bá ṣeé ṣe, nítorí eruku rẹ̀ kúnná, ó sì máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé ńkọ́?

Ohun tó dára nínú gọ́ọ̀mù yìí ni ohun tó burú nínú rẹ̀. Kì í fẹ́ jáde. Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ tí ẹ sì fa pákó ya, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà, screeding àti sìmẹ́ǹtì bá a jáde. Owó tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù nítorí ohun tó lè bàjẹ́ lè bá a lọ, ẹ sì lè tún fi owó kún un.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì wà ní kíkọ sílẹ̀. Tàbí kí ẹ ní kí káfíńtà fi skúrù so igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri, kó wá so pákó mọ́ igi náà. Ihò mélòó kan nìkan lẹ máa dí lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó lọ, ẹ sì lè kó pákó yín dání.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ èyí tó ti wà níbẹ̀, ẹ má fipá fà á. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó le sí ẹ̀yìn pákó, kí ẹni méjì máa fà á síwá sẹ́yìn bí ayùn títí tí gọ́ọ̀mù á fi gé.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi káfíńtà yín

Kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́rin. Irú gọ́ọ̀mù wo ló fẹ́ lò, ṣé ó sì bá ògiri yín mu? Ike mélòó ló máa gbà? Kí ló fẹ́ ṣe sí ọ̀dà àti screeding tó wà níbẹ̀? Ọjọ́ mélòó ló máa fi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé nǹkan kọ́ ọ?

Bí ó bá dáhùn pé kò sí wàhálà, pé òun á parí rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Gọ́ọ̀mù lè di pákó mú ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n fi ha ògiri, tí wọ́n fi nù ún, tí wọ́n sì fi jẹ́ kó gbẹ, ló máa sọ bóyá pákó náà á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀ bá dé.